Pañuelo Aláwọ̀ Osùn ní Harlem

Mo ti dé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ti kí mi kú àbọ̀ tán, ẹ ti bi mí bóyá òtútù ibẹ̀ ń géni jẹ lóòótọ́, ẹ sì ti bèèrè àwọn ilé gogoro. Òtútù ń géni jẹ. Ilé ga. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè àwọn ará Sípéènì ṣe sọ èmi, olùkọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ láti Ọ̀yọ́, di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà ni pañuelo. Ẹ pè é báyìí: pa-nyu-é-lo.

Lórí omi

Park Hill, ní erékùṣù Staten Island, ni Fúnmi ọmọ mi ń gbé. Àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo rò lọ́jọ́ kìíní pé bàálù ti gbé mi padà sílé. Àwọn obìnrin Làìbéríà pàtẹ ewé ọ̀dùnkún àti ata gbígbẹ sórí tábìlì níwájú ilé. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ọlọ́dẹ ń sáré lé bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ó rántí tẹ orí ba nígbà tó kọjá lára mi: "Ẹ káàárọ̀, mà."

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni Fúnmi ń ṣe. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀, ó sì wá bá mi lórí àga lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ọ̀kan nínú àwọn màmá tí mò ń tọ́jú fẹ́ rí yín. Carmen lorúkọ wọn, ọmọ Puerto Rico, Harlem, ní Manhattan, ni wọ́n ń gbé. Mo sọ fún wọn pé Ọ̀yọ́ lẹ ti wá, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé Ọ̀yọ́ ṣì wà?"

"Ṣé ó ṣì wà báwo?"

"Inú orin òrìṣà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé ìlú ayé àtijọ́ ni."

Inú mi dùn, inú sì tún bí mi díẹ̀. Ìlú tí mo ti ń bá àwọn oníná jà lóṣooṣù! Mo ní kó mú mi lọ, kí n lọ jẹ́rìí fún ìlú mi.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ló ń gbé èèyàn láti erékùṣù náà lọ sí Manhattan. Ìta ni mo dúró sí kí n lè rí ìlú náà bó ṣe ń dìde láti inú omi. Atẹ́gùn gbá mi lójú, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Obìnrin kan tí a kò tíì kí ara wa na bébà funfun rírọ̀ kan sí mi.

"Pañuelo," ló wí.

Mo rò pé orúkọ rẹ̀ ló sọ. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Pañuelo."

Fúnmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Obìnrin náà náà rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé ohun tí wọ́n fi ń nu imú àti ojú ni, ìbáà ṣe ti aṣọ, ìbáà ṣe ti bébà. Áńkáṣíìfù, ẹ̀yin ará. Ohun tí mo kọ́ nípa ará New York lọ́jọ́ náà ni pé wọn kì í kíni, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ bá ń ṣomi, wọn á fún ọ ní nǹkan tí wàá fi nù ún, wọn á sì yíjú padà kí ojú má baà tì ọ́.

Ilé Carmen

Ìyá kékeré gbẹgẹ kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Harlem. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọ́n wé gèlè funfun pẹlẹbẹ mọ́rí, ìka ọwọ́ wọn sì ti lọ́, ó rí kókókó bí ata ilẹ̀. Wọ́n gba ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀yọ́," ni wọ́n wí.

"Ọ̀yọ́ ni, màmá. Mo kúrò níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó wà níbi tó wà."

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ̀rọ̀, tèmi ti Ọ̀yọ́, tiwọn ti Puerto Rico, a sì ń gbọ́ra wa. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o"; èmi ni mò ń fi "ẹ" sí i fún yín nínú ìtàn yìí, nítorí ohùn Màmá Carmen ní ọ̀wọ̀ nínú. Maestra ni wọ́n ń pè mí, èyí tí í ṣe olùkọ́.

Mo fẹ́ fi ìmọ̀ mi hàn. Mo tọ́ka sí gèlè orí wọn, mo ní, "Kí lẹ̀ ń pe ìyẹn?"

"Pañuelo."

"Èyí tí wọ́n fi ń nu imú ńkọ́?"

"Pañuelo."

Ẹ̀rín pa wọ́n nígbà tí wọ́n rí ojú mi. Wọ́n ní kí Fúnmi gbé àpótí kan wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó sì tẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Maestra.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í tètè yin iṣẹ́. Nígbà tí aṣọ náà tẹ́ sílẹ̀, mo ti yìn ín kí n tó mọ̀. Sátínì ni, aláwọ̀ osùn, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ó sì bo bẹ́ẹ̀dì náà tán. Owó ẹyọ wà lára rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lára rẹ̀, ríbọ́nù aláwọ̀ mẹ́sàn-án sì yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ká. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣófo. Láàárín aṣọ náà, ẹnì kan ti fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ọ̀rọ̀ sí i: MODUPUE OYA.

"Èyí náà, pañuelo ni," ni Màmá Carmen wí. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí àwọn bá ṣe ìtẹ́ fún òrìṣà ní igun ilé, àwọn a máa ta irú rẹ̀ bo àwo ìdérí tí àwọn kó nǹkan òrìṣà sí. Bí òrìṣà bá gun ẹnì kan, àwọn a máa so ó mọ́ ọn léjìká. Pañuelo Ọya ni tiwọn. Ìyá tó bí wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ obìnrin Kúbà kan ni ìyá náà sì ti gba òrìṣà. Ikú dé kó tó parí aṣọ. Màmá Carmen náà fi ogójì ọdún rán pañuelo fún gbogbo Harlem, wọ́n ń sọ pé àwọn máa parí ti ìyá àwọn lọ́la, lọ́la, títí ìka fi kọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta sí ìgbà náà, wọ́n máa pé àádọ́ta ọdún nínú òrìṣà. Ìtẹ́ máa wà, èrò máa wá.

"Kò sí ẹni tó lè bá yín parí rẹ̀ ni?"

"Gúlúù ni wọ́n fi ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ báyìí!" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Mo yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ má wo iwájú aṣọ rẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ẹ̀yìn náà mọ́ tónítóní bí iwájú, kò sí kókó, kò sí òwú tó ń lọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òkú náà lójú ẹsẹ̀.

"Èmi máa parí rẹ̀," ni mo wí, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Bí a ṣe ń padà lọ, Fúnmi ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ rántí pé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni yín?"

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ò ní ìjọ."

Ohun tí mo tú

Ní gbogbo ọjọ́ tí Fúnmi bá ń lọ síbẹ̀, mo ń tẹ̀ lé e. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo fi ríbọ́nù sí ẹ̀gbẹ́ kẹrin, mo ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Màmá Carmen ń wo ọwọ́ mi bí ọmọ ilé-ìwé tó mọ̀wé ju olùkọ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìrẹsì wá, mo ṣí i, òtílì ló wà nínú rẹ̀! Òtílì, ẹ̀wà tí ọmọ Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí kì í fẹ́ jẹ mọ́. Mo kígbe. Mo jẹ àwo méjì, mo sọ fún wọn pé oúnjẹ màmá màmá mi ni, wọ́n ní àwọn náà, oúnjẹ màmá màmá àwọn ni.

Ọjọ́ kẹta ni mo ba nǹkan jẹ́.

Fúnmi lọ fọ aṣọ nísàlẹ̀ ilé. Màmá Carmen sùn lọ lórí àga. Èmi nìkan ni mo kù pẹ̀lú aṣọ, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ sì ń wò mí. MODUPUE. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, mo fi yíǹkì pupa sàmì sábẹ́ àṣìkọ tí n kò lè kà. Mo ń wò ó pé ọ̀rọ̀ náà so pọ̀, kò ní àmì, lẹ́tà kan sì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Mo sọ fún ara mi pé nǹkan tó dára tó báyìí kò yẹ kó ní àbùkù, pé ẹ̀bùn ni mo máa ṣe fún ìyá yìí, kó jí kó bá Yorùbá tó péye lára aṣọ rẹ̀.

Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré, mo gé ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, mo ń fa òwú wúrà náà yọ. Lẹ́tà kan lọ. Èkejì lọ. Mo ti tú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tán nígbà tí mo gbọ́ tí àga dún.

Màmá Carmen ti jí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wo ibi tó ṣófo náà, omi ń bọ́ lójú wọn.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ wọn wọlé, Milagros, tí wọ́n ń pè ní Mili, nọ́ọ̀sì tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo aṣọ, ó wo mí. Mo fi "o" túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín nítorí bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

"Kí lo ṣe?"

"Mò ń tún un ṣe ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ta ni 'a'? Ẹ̀yin tí ẹ ti kó òrìṣà dà nù, tí ẹ ń pè é ní ti èṣù ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá àgbà mi ló fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ìyẹn. Òun ló kọ gbẹ̀yìn kó tó kú. O sì tú u!"

"N kò mọ̀ pé..."

"O ò bèèrè." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Lọ́la, mo máa pe ọ́fíìsì tó rán ọmọ rẹ wá. Kó má ṣe wá mọ́."

Fúnmi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ. Ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀, ó mú báàgì mi. A wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, a tún gun ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí Park Hill kù díẹ̀ ló ní, "Mọ́mì, ọdún mẹ́ta ni mo ti wà pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí n kò mọ ẹnì kankan, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹun."

Ì bá sàn kó bú mi.

Ọwọ́ òsì

N kò dúró kí Mili jí pe ẹnikẹ́ni. Ojúmọ́ mọ́ wa lórí omi, a dé Harlem, a kan ilẹ̀kùn. Mili ṣí i díẹ̀.

Nínú gbogbo ìrìn mi, ibẹ̀ ni ìrìn ti le jù. Èmi tí ọmọ tí mo kọ́ ti di ìyàwó gómìnà, tí ọ̀gá ilé-ìwé ń dìde fún, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí mo lè bí, mo tẹ orúnkún ba.

"Mo ṣe ohun tí kò tọ́. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, n kò sì tọrọ ààyè kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi tèmi jẹ ọmọ mi níyà. Òwú náà nìyí." Mo ṣí bébà tí mo fi dì í. "Fífà ni mo fà á, n kò gé e wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà bó ṣe wà, láì fi àmì kankan kún un."

Mili tẹjú mọ́ òwú náà. Ohùn kan ti inú ilé wá: "Jẹ́ kí Maestra wọlé."

Sátínì kì í gbàgbé abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, gbogbo ojú ihò àtijọ́ ló wà níbẹ̀, wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo fa òwú náà gba ara àbẹ́là kó má baà já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ihò. Mo parí lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo wò ó. Kò jọ ti ìyá náà. Ihò kan náà ni, òwú kan náà ni, síbẹ̀ òwú tèmi dà sí apá ibí, ti lẹ́tà tó kù tí n kò tú dà sí apá ọ̀hún. Mo tú u. Mo tún un rán. Ó tún dà bákan náà. Ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

"Màmá, ṣé òsì ni ìyá yín ń lò?"

Màmá Carmen jókòó dáadáa. "Ta ló sọ fún yín?"

"Òwú ló sọ ọ́."

"Òsì ni wọ́n ń lò. Àwọn olùkọ́ nà wọ́n nílé-ìwé títí, wọn ò fi òsì sílẹ̀."

Mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí mo kọ́, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ rántí rúlà mi. Mo sọ fún wọn pé ní Ọ̀yọ́, èmi gan-an ni mo máa ń na àwọn ọmọ tó bá fi òsì mú abẹ́rẹ́.

Wọ́n wò mí pẹ́. Ẹ̀rín wá mú wọn díẹ̀díẹ̀, títí èjìká wọn fi ń mì. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti kàn yín."

Mo mú abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin ará ilé, mo gún ara mi bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ lẹ́tà méje. Ṣùgbọ́n òwú náà dà síbi tó yẹ, àwọn lẹ́tà sì dúró lórí sátínì náà bí ẹni pé wọn ò kúrò níbẹ̀ rí. Màmá Carmen fi ojú wá a, wọ́n fi ìka wá a, wọn ò rí ibi tí ọwọ́ ìyá wọn parí sí tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò tíì ṣe èyí tí mo fi yangàn tó bẹ́ẹ̀.

Mili kò pe ọ́fíìsì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, á máa ṣọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé kọfí sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì sọ gbólóhùn kan ní Sípáníìṣì tí mo gbọ́ pañuelo nínú rẹ̀.

"Èwo tún nìyẹn?" mo bi í.

"Òwe wa ni. Ayé kò ju pañuelo lọ. Bí àwọn tí kò mọ ara wọn bá pàdé, tí wọ́n sì bá ara wọn tan, òun là ń sọ." Ó tọ́ka sí abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì mi. "Ẹ wo ọwọ́ yín, ará Ọ̀yọ́."

Ẹ ò rí i, "ẹ" ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ àádọ́ta ọdún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, mo sì lọ sí Harlem lọ́sàn-án, n kò fi ọ̀kan pamọ́ fún èkejì. Aṣọ lóríṣiríṣi rọ̀ láti òkè àjà ní igun pálọ̀. Èso yí àwọn àwo ìdérí ká lórí ẹní, pañuelo aláwọ̀ osùn náà sì wà lókè gbogbo wọn. Èmi jókòó sórí àga tèmi lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìrẹsì olótílì.

Wọ́n ń wọlé nínú aṣọ funfun: awakọ̀ bọ́ọ̀sì, olùkọ́ yunifásítì, obìnrin kan tó ń ṣe irun. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ wọn. Omi, wọ́n pè é ní omi. Ìyá, wọ́n pè é ní ìyá. Ohùn ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí èèyàn pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pẹ́ lájò: irun ti funfun, ojú ò yí padà. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ló kọ́kọ́ gbé e kọjá òkun, láìsí ìwé, láìsí olùkọ́. Mo ronú nípa yíǹkì pupa mi, ojú tì mí, orí mi sì wú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá kan bèèrè ẹni tó parí aṣọ náà. Màmá Carmen nawọ́ sí mi. "Maestra ni. Láti Ọ̀yọ́." Gbogbo ilé yíjú sí mi, wọ́n sì ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbá mi lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí èrò fúyẹ́, Màmá Carmen wá jókòó tì mí.

"Maestra, kí lẹ fẹ́ tún ṣe níjọ́ yẹn gan-an? Ẹ sọ fún mi báyìí."

Mo ṣọ́ra. "Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, màmá. Kí ni modupue lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ ṣeun ni. Gracias. Ọ̀rọ̀ kan ni."

"Lọ́dọ̀ wa, ó ju ọ̀kan lọ. Ọpẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ yẹn. Mo. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀."

"Yo?" Wọ́n fi ọwọ́ lu àyà ara wọn. "Èmi?"

"Èmi."

Wọ́n dìde. Fúnmi di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú títí wọ́n fi dé iwájú ìtẹ́. Wọ́n gbé ìka lé M àti O, wọn ò gbé e kúrò.

"Mili, wá," ni wọ́n wí. "Màmá ò kọ ẹ ṣeun síbí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀."

Mili dé, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, ó pín in sí méjì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: "Mo. Dupue."

Ohùn náà kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. N kò tún un ṣe.